Iná Tó Jẹ Etí Ìyá Mi

Wọ́n ṣì ń sọ ọ́ ní Ṣakí pé ọkọ mi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣe iná tí kò ní í lo epo, tí kò ní í lo bátìrì. Ó ti kú. Àwọn tó ń yìn ín kò bi mí léèrè rí. Ẹ jẹ́ kí n sọ tèmi.

Ọdún tí àwọn sójà gbé ìjọba fún alágbádá ni. Tíṣà sáyẹ́ǹsì ni ọkọ mi, ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń tún rédíò ṣe. Èrò àwọn méjèèjì ni pé bátìrì á kọ́kọ́ gbé ẹ̀rọ kékeré kan dìde, ẹ̀rọ náà á yí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́, ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ á yí dáínámò, dáínámò á tan gílóòbù, á sì tún dá iná padà fún ẹ̀rọ tó ń yí i. Bó bá ti gbéra, wọ́n á yọ bátìrì, iná á máa bí ara rẹ̀ lọ títí ayé.

Èmi náà kọ́ sáyẹ́ǹsì. Mo ní, "Ohun tí ẹ ò bá dà sínú ìkòkò, ẹ ò lè bù ú jáde."

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó wa, ẹ lọ bá wa wo ìkòkò ọbẹ̀, ẹ fi ti iná sílẹ̀."

Kò sẹ́ni tó ń ta ohun tí wọ́n ń wá ní Ṣakí. Inú òkú rédíò ni wọ́n ti ń yọ ọ́: wáyà bàbà, tíráńsísítọ̀ tí kò ju hóró ẹ̀wà lọ. Rédíò tí mo fi owó oṣù mi àkọ́kọ́ rà lọ báyẹn.

Ìyá mi ń gbé lọ́dọ̀ wa nígbà náà. Etí wọn ti di. Ọsibítù kan ní Ìbàdàn fún wọn ní ẹ̀rọ ìgbọ́ràn, àpótí kékeré tí à ń fi píìnì há mọ́ àyà aṣọ, tí okùn rẹ̀ wọ etí. Ìyá mi sọ ọ́ ní "etí àyà". Mo fi ọ̀dà èékánná pupa sàmì sí òkè rẹ̀ kí wọ́n má baà dojú rẹ̀ bolẹ̀. Ọjọ́ tí òjò kọ́kọ́ rọ̀ lé páànù, wọ́n bú sẹ́rìn-ín: "Àṣé òjò ṣì ń pariwo!"

Kò pé oṣù mẹ́ta tó di àwátì. Ìyá mi ní orí àpótí aṣọ ni àwọn gbé e sí kí àwọn tó lọ wẹ̀.

Ọkọ mi mi orí. "Màmá, ọjà lẹ gbàgbé ẹ̀ sí." Ó bá wa wá a. Ó tilẹ̀ dọ̀bálẹ̀ wo abẹ́ bẹ́ẹ̀dì!

Ní ọjọ́ kẹta, ìyá mi ṣì ń fi ọwọ́ tú ààtàn. Mo jágbe mọ́ wọn: "Ẹ gbà pé ẹ ti sọ ọ́ nù!" Wọn kò gbọ́ mi; ojú àti ẹnu mi ni wọ́n kà. Wọ́n ní, "N ò sọ ọ́ nù, ọmọ mi. Ṣáà gbà mí gbọ́."

N kò gbà wọ́n gbọ́.

Ní ọ̀sán Sátidé kan, ọkọ mi àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ gbé iṣẹ́ wọn síta níwájú ṣọ́ọ̀bù ọ̀rẹ́ náà. Èrò pé: àwọn tíṣà, àwọn àgbẹ̀ tó ti Tẹ̀dé gbé iṣu wá. Ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ yí. Ọkọ mi yọ bátìrì, ó gbé e sókè. Gílóòbù ṣì ń tàn! Ariwo sọ. Mo rò pé gbogbo ìwé tí mo kà ló pa irọ́ fún mi. Mo sún mọ́ ọn, mo bẹ̀rẹ̀ wò ó. Láàárín àwọn wáyà ni mo ti rí àmì pupa mi, lára àpótí tí wọ́n ti là sí méjì.

Kí n tó la ẹnu, gílóòbù ti kú. Eré tó kù lára ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ ló fi ń tàn.

Mo ní, "Etí ìyá mi rèé."

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ yíjú sí ọkọ mi. "Etí kẹ̀? Ṣebí ìwọ lo ní Ìbàdàn lo ti rà á?"

Ọkọ mi kò wo ojú mi. Ó ń so wáyà kan tó já.

"Màmá ti dàgbà," ó ní. "Kí ni wọ́n tún fẹ́ gbọ́?"



Mo tu àpótí náà kúrò lórí pákó tí wọ́n kàn án mọ́, mo gbé e relé. Kò lè ṣiṣẹ́ mọ́. Mo fi í lé ìyá mi lọ́wọ́. Wọ́n fi àtàǹpàkò pa àmì pupa náà, wọ́n mọ̀ ọ́n. Mo kúnlẹ̀, mo ní kí wọ́n dárí jì mí. Ẹkún ti gba ojú mi, wọn kò rí nǹkan kà níbẹ̀.

"Sọ ọ́ sókè," wọ́n ní. "N ò gbọ́."

Mo fi igbe sọ ọ́. Gbogbo àdúgbò gbọ́. Ìyá mi nìkan ni kò gbọ́.