Mẹ́mọ́rì Tó Bá Ọ̀gá Ògúnṣẹ̀san Sáré

Ní Àpòmù, ẹni tó bá fẹ́ kí Qaosarat ya òun ní fọ́tò ní láti kọ́kọ́ jẹun yó, nítorí ìdúró ibẹ̀ kì í ṣe kékeré. Ọmọbìnrin náà mọṣẹ́. Kámẹ́rà rẹ̀ náà dára, àbúrò bàbá rẹ̀ ló fi ta á lọ́rẹ nígbà tó kọ́ṣẹ́ tán tó ṣe fírídọ̀ọ̀mù. Wàhálà ibẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ: tó bá ti ya fọ́tò mẹ́ta léra wọn, iná pupa kékeré kan á bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú lára kámẹ́rà, kámẹ́rà á sì kọ̀ jálẹ̀ títí iná náà á fi kú.

"Ẹ dúró ná, ó ń gbé e mì lọ́wọ́," ni Qaosarat máa ń wí.

Ìyàwó á dúró, ọkọ á dúró, ẹ̀rín á gan mọ́ wọn lẹ́nu bíi ti ẹni tí wọ́n fẹ́ yọ eyín fún.

Qaosarat kò ka èyí sí àléébù títí di ọjọ́ tí ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan nílùú pè é síbi eré ìdárayá wọn. Wọ́n fi eré sísá àwọn tíṣà kádìí rẹ̀. Ọ̀gá Ògúnṣẹ̀san, ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ náà, tí ìfẹ̀yìntì rẹ̀ kù sí dẹ̀dẹ̀, ti pẹ́ tó ti ń sọ pé ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn, kò sẹ́ni tó lè sá eré ju òun lọ. Àwọn tíṣà máa ń dáhùn pé "bẹ́ẹ̀ ni sà," wọ́n á sì máa bá iṣẹ́ wọn lọ. Lọ́jọ́ yìí, bí eré bí àwàdà, Ọ̀gá gbéra, ó já gbogbo wọn sílẹ̀, ó sì fi àyà já okùn òpin eré.

Qaosarat ti ya mẹ́ta níbi tí wọ́n ti gbéra. Iná pupa ń ṣẹ́jú. Ó tẹ kámẹ́rà, ó tún un tẹ̀, Ọ̀gá kọjá níwájú rẹ̀ fìrì. Nígbà tí iná fi máa kú, ewúrẹ́ kan ti dúró lórí ìlà, ó fi okùn há ẹnu, ó ń jẹ ẹ́. Òun ni kámẹ́rà yà.

Nígbà tó kó fọ́tò dé yàrá àwọn tíṣà, Ọ̀gá yẹ̀ wọ́n wò títí.

"Èmi dà?"

"Ẹ wà níbẹ̀rẹ̀, sà."

"Gbogbo wa la wà níbẹ̀rẹ̀, Qaosarat."

Tíṣà Susannah, tó ṣe ipò kejì, gba fọ́tò ìkẹyìn wò. "Ewúrẹ́ ló gba ipò kìíní, sà," ló wí jẹ́ẹ́.

Ẹ̀rín pa àwọn tíṣà débi pé ọ̀kan jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ọ̀gá yọ awò ojú rẹ̀. "A ó tún un sá ní ọjọ́ Jímọ̀. Qaosarat, lọ wá ohun tó lè bá mi sáré."

Qaosarat wọ ọ̀kadà, ó di Ìkirè, lọ́dọ̀ Abdulmumin, tí wọ́n jọ lọ sí ilé-kéwú kan náà, tó wá ń ta fóònù àti èlò kámẹ́rà lẹ́bàá ọjà. Abdulmumin sanra, kì í sì í dìde tí kò bá nídìí. Ó yọ mẹ́mọ́rì, káàdì pẹlẹbẹ tí fọ́tò ń wọ̀ sí nínú kámẹ́rà náà, ó sì mi orí.

"Kámẹ́rà rẹ ò ṣẹ̀. Mẹ́mọ́rì yìí ló ń fà á sẹ́yìn."

"Fún mi ní èyí tó tóbi jù, nígbà yẹn."

"Mọ́ṣáláṣí tó gba ẹgbẹ̀rún èèyàn, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ jẹ́ ẹyọ kan tóóró, tí òjò bá dé tí gbogbo wọn fẹ́ wọlé ńkọ́?"

"Wọ́n á há sẹ́nu ọ̀nà."

"Fọ́tò rẹ ló ń há yẹn. Iye tó gbà lọ̀tọ̀, bó ṣe ń yára gbà á wọlé lọ̀tọ̀."

Qaosarat tọ́ka sí nọ́ńbà gàdàgbà iwájú ọ̀kan. Abdulmumin ní ìyẹn ni bó ṣe ń yára tó tí èèyàn bá ń kó fọ́tò jáde. Nọ́ńbà kékeré ẹ̀gbẹ́ lẹ́tà V ni kó wò, òun ló ń sọ bó ṣe ń yára gba fọ́tò wọlé.

"Ẹni tó bá ní bírò lè kọ nọ́ńbà," ni Qaosarat wí. "Dìde, máa fò."

"Kí n máa kí ni?"

"Kí n mọ èyí tó máa bá ẹ dé ilẹ̀."

Abdulmumin fò. Qaosarat ki mẹ́mọ́rì àkọ́kọ́ bọ kámẹ́rà, ó ń yà á, ṣùgbọ́n iná pupa ti ń ṣẹ́jú kí ẹsẹ̀ Abdulmumin tó balẹ̀. Ìkejì bá a dé ilẹ̀, kò bá a gòkè mọ́. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í dúró wò. Ìyá kan tó wá ra ṣájà béèrè pé kí ló ń ṣe é.

"Mẹ́mọ́rì ni, mà," ni Qaosarat dáhùn láìgbójú sókè.

"Ó mà ṣe o. Pẹ̀lú kékeré ẹ̀," ni ìyá náà wí. "Ọlọ́run á dá iyè rẹ̀ padà."

Ẹ̀kẹta tí wọ́n kọ V àti ọgbọ̀n sí ló yanjú ọ̀rọ̀. Kámẹ́rà ń ké ká-ká-ká, Abdulmumin ń fò, títí òun fúnra rẹ̀ fi jókòó pàà, iná ò tíì ṣẹ́jú. Qaosarat mú un.

Nígbà tí Jímọ̀ dé, wọ́n so gbogbo ewúrẹ́ àdúgbò mọ́lẹ̀. Ọ̀gá wọ aṣọ eré aláwọ̀ ewé tó fún mọ́ ọn níkùn. Susannah so gèlè rẹ̀ le. Fèrè dún, wọ́n gbéra, èjìká Ọ̀gá pẹ̀lú èjìká Susannah, kámẹ́rà ò sì mí rárá. Okùn já. Àwọn méjèèjì nawọ́ sókè.

Gbogbo wọn rọ́ bo Qaosarat. Nínú fọ́tò ibi okùn, gèlè Susannah bo ojú Ọ̀gá pátápátá. Àyà Susannah kò tíì kan okùn. Ohun tó kàn án, tó sì ti tì í síwájú, ni ikùn ńlá aláwọ̀ ewé kan.

"Ikùn ta nìyẹn?" Susannah béèrè, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó mọ̀.

"Tèmi ni," ni Ọ̀gá wí.

"Àyà ni wọ́n fi ń já okùn, sà."

Olúmidé, tíṣà eré ìdárayá, ronú díẹ̀. Ó ní láti ìsàlẹ̀ ọrùn dé ìbàdí ni òfin gbà, ikùn sì wà láàárín wọn. Susannah kúnlẹ̀ níwájú ikùn náà. "Ẹ kú oríire, sà," ló wí fún un.

Ọ̀gá bẹ Qaosarat kó wá èyí tó fi ojú òun hàn. Wọ́n wà lóríṣiríṣi: nínú ọ̀kan ojú rẹ̀ dì, nínú òmíràn ó la ẹnu bí ẹja odò Aṣéjìrè tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà jáde. Ṣùgbọ́n níbi okùn gan-an, ikùn nìkan ló wà.

Ọ̀gá mí kanlẹ̀. "Tẹ ti ikùn yẹn jáde," ló wí. "Kó tóbi."

Qaosarat fúnra rẹ̀ ló wá kàn án mọ́ ògiri ọ́fíìsì. Kò tíì sọ̀kalẹ̀ lórí àga tí òbí ọmọ kan fi wọlé, tó gbójú sókè, tó sì ń wò ó tìyanu-tìyanu. Ọ̀gá Ògúnṣẹ̀san fi ìwé ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó lọ dúró lábẹ́ fọ́tò náà, ó sì yí ẹ̀gbẹ́ sí òbí náà kó lè fi ikùn òun wé ti inú fọ́tò.