Géèmù tí Ìyá Ọkọ Mi Ń Tẹ̀ Létí Rédíò

Òórùn obì tútù ni ọjà Sábó máa ń kọ́kọ́ fi kí èèyàn ní Ṣàgámù: òórùn èèpo tó ti rà sínú omi, ti ewé tútù, àti ti àpò tí òjò ti pa. Inú òórùn yẹn ni ìyá ọkọ mi ti lo ohun tó lé ní ogójì ọdún. Orí àpótí kékeré kan ni wọ́n máa ń jókòó sí, ike omi lápá ọ̀tún, apẹ̀rẹ̀ tí wọ́n tẹ́ ewé sí lápá òsì, rédíò lórí òkúta níwájú wọn. Wọn a bó obì, wọn a yẹ̀ ẹ́ wò bóyá kòkòrò ti wọ̀ ọ́, wọn a fi èyí tó tóbi síbí, wọn a fi kékeré sọ́hùn-ún, kí wọ́n tó tò ó sínú apẹ̀rẹ̀ láìjẹ́ kí àyè ṣófo. Ọwọ́ ń ṣe tirẹ̀, etí wà lọ́dọ̀ rédíò. Ìtàn tí wọ́n bá sọ lórí ẹ̀rọ yẹn lọ́sàn-án, bí ilẹ̀ bá ti ń ṣú ni wọn yóò tún un sọ fún ọ, wọn kò ní fi orúkọ ẹnì kan sílẹ̀.

Ní nǹkan bí àárín àwọn ọdún 1990, ẹ̀yìn bẹ̀rẹ̀ sí í dùn wọ́n, ọkọ mi sì ní ó tó gẹ́ẹ́. Èkó ni ọkọ mi ti ń ṣiṣẹ́ nígbà náà, òpin ọ̀sẹ̀ ló máa ń wálé. Èmi ń kọ́ àwọn ọmọ kíláàsì karùn-ún ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ìlárá Rẹ́mọ. A kó Màmá wá sí Ìlárá, a fún wọn ní yàrá tí atẹ́gùn ń wọ̀ dáadáa, a ra àga onítìmùtìmù fún wọn, a gbé rédíò wọn sórí tábìlì. Àpótí tí wọ́n gbé dání láti Sábó, èmi ni mo gbé e lọ sẹ́yìn ilé ìdáná. Mo ní, “Iṣẹ́ tán o, Màmá. Ìsinmi ló kù.” N kò gbà kí wọ́n gbálẹ̀. N kò gbà kí wọ́n já ẹ̀fọ́ pàápàá. Ìfẹ́ ni mo fi ṣe é, ṣùgbọ́n n kò bi wọ́n léèrè. Kò ju oṣù mélòó kan lọ tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ sí í sùn nídìí rédíò. Bí mo bá bi wọ́n pé ibo ni ìtàn dé, wọn a ní, “N kò mọ̀, ìyàwó. Ó ti kọjá lára mi.” Mo kà á sí ti ogbó.

Àsìkò yẹn náà ni géèmù bíríkì gba ìgboro. Bí o bá ti gbàgbé rẹ̀, jẹ́ kí n rán ọ létí: ẹ̀rọ pẹlẹbẹ tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ, gíláàsì kékeré lókè, bọ́tìnnì nísàlẹ̀. Bíríkì oríṣiríṣi a máa já bọ́ láti òkè gíláàsì náà, ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ yóò máa yí wọn, yóò máa tì wọ́n, kí wọ́n lè wọ ara wọn nísàlẹ̀. Ìlà tó bá kún láìsí àlàfo a parẹ́, ẹ̀rọ a sì dún pí-pí. Mo gba ọ̀kan lọ́wọ́ ọmọbìnrin kan ní kíláàsì mi nígbà tí a ń ṣe ìṣirò. Mo ní kí bàbá rẹ̀ wá gbà á lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ tí a bá parí ẹ̀kọ́ sáà yẹn.

Bí a ti ń jẹun ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo fi í han Màmá àti kọ́pà, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń sin ìjọba ní ilé ẹ̀kọ́ girama ìtòsí wa, tó gba yàrá kan nínú àgbàlá wa. Mo ní, “Ẹ wo ẹ̀rọ adínilétí. Ẹni tó bá ń tẹ èyí kò lè gbọ́ ohun tí èèyàn ń sọ.”

Kọ́pà rẹ́rìn-ín. “Ẹ̀yin náà mà! Èyí ò ṣáà burú ju ayò lọ.”

Màmá gbà á, wọ́n sún un mọ́jú, wọ́n ní, “Kí ló wá ń já bọ́ báyìí?” Mo gbà á lọ́wọ́ wọn, mo wé ìwé tí mo kọ orúkọ ọmọ náà sí mọ́ ọn, mo fi í sínú dúrọ́ọ̀ ní pálọ̀.

Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí a gba ìsinmi nígbà tí mo ṣí dúrọ́ọ̀ láti mú ṣọ́ọ̀kì. Ìwé wà níbẹ̀, géèmù kò sí. Láti ọjọ́ tí mo ti ń kọ́ni, n kò gba nǹkan lọ́wọ́ ọmọ rí kí n má dá a padà. Bí bàbá ọmọ yẹn bá dé, tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àwáwí, ẹnu wo ni n óò tún fi kọ́ ọmọ ẹlòmíràn pé olè jíjà kò dára? Lẹ́yìn ọjọ́ méjì, aago ara ògiri dúró. Mo yọ ọ́, mo wo ẹ̀yìn rẹ̀: báàtìrì kò sí níbẹ̀ mọ́.

Ta ló kù tí n óò fura sí? Kọ́pà ló ní géèmù náà kò burú. Kọ́pà ló yá báàtìrì lọ́wọ́ mi lóṣù tó ṣáájú láti fi sí tọ́ọ̀ṣì. Láìpẹ́ yìí ló sì wá sọ ọ́ di àṣà láti máa yà sí yàrá Màmá lọ́sàn-án, kí n tó ti ilé ẹ̀kọ́ dé. Ọkàn mi bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹ̀rí jọ. Bí ó bá kí mi pẹ̀lú ẹ̀rín, mo ní ó ń fi bojú ni. Bí kò bá rẹ́rìn-ín, mo ní ẹ̀rí ọkàn ló ń dà á láàmú. Mo ń gbá iwájú ilẹ̀kùn rẹ̀ tí kò dọ̀tí, kí n lè yọjú wo orí tábìlì rẹ̀. Ojú ń tì mí bí mo ti ń kọ èyí, ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ ló rí: mo di ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ nínú ilé ara mi.

Nígbà tí n kò lè pa á mọ́ra mọ́, mo pè é sí pálọ̀. “Kọ́pà, ta ló yọ báàtìrì aago?”

“Ṣé aago ti dúró ni, mà?”

“Ìbéèrè ni mo bi ọ́.”

Ó wo ilẹ̀kùn yàrá Màmá, ó sì wolẹ̀. “Ẹ má bínú, mà. Màá ra òmíràn.”

“Géèmù tó wà nínú dúrọ́ọ̀ ńkọ́?”

“Ẹ máa rí i, mà. Kò ní sọnù.”

Lójú mi, ìjẹ́wọ́ nìyẹn. Mo ní kó wá yàrá síbòmíràn bí a bá ti gba ìsinmi. Mo rò pé yóò jà, ṣùgbọ́n “Ó dáa, mà” nìkan ló sọ. Màmá wúkọ́ nínú yàrá, wọ́n sì yí ohùn rédíò sókè.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo jókòó sí pálọ̀, mò ń máàkì ìwé ìdánwò. Rédíò ń sọ ìtàn nínú yàrá Màmá. Bí mo ti ń máàkì lọ, mo gbọ́ pí-pí. Ìwọ náà mọ̀ pé rédíò máa ń dún bẹ́ẹ̀ bí wọ́n bá fẹ́ sọ aago. Ó ti mọ́ mi lára láti máa fi ìró yẹn tún aago ọwọ́ mi ṣe, nítorí náà mo wo ọwọ́ mi: aago mẹ́rin kọjá ogún ìṣẹ́jú. Rédíò wo ló ń sọ aago ní irú àsìkò yẹn? Ó tún dún. Ẹni tó ń sọ ìtàn kò sì dúró, ó ń bọ́rọ̀ lọ. Mo ní lọ́kàn mi, “Ọwọ́ ti tẹ̀ ọ́ lónìí, kọ́pà.” Mo bọ́ sálúbàtà mi, mo yọ́ lọ, mo sì ti ilẹ̀kùn yàrá Màmá ṣí.

Kọ́pà kò sí níbẹ̀. Màmá nìkan ni. Wọn kò jókòó sórí àga onítìmùtìmù. Àpótí wọn tí mo gbé sẹ́yìn ilé ìdáná ti padà wá sí yàrá, orí rẹ̀ ni wọ́n wà. Géèmù wà lọ́wọ́ wọn méjèèjì, ojú wọn wà lára gíláàsì, ṣùgbọ́n orí wọn tẹ̀ sápá rédíò bí ìgbà tí wọ́n wà ní Sábó. Èyí tó tóbi síbí, kékeré sọ́hùn-ún, kí àyè má ṣófo. Ẹnì kan hùwà ìkà nínú ìtàn náà, Màmá pòṣé, wọ́n ní, “Ìwọ obìnrin yìí, ó ń bọ̀ wá bá ọ,” àtàǹpàkò wọn kò sì dúró.

Wọ́n gbójú sókè, wọ́n rí mi. Kíá ni wọ́n ki géèmù bọ abẹ́ ìró.

Ibẹ̀ gan-an ló dùn mí. Bí ọmọ kíláàsì mi ṣe ki tirẹ̀ bọ abẹ́ tábìlì gẹ́lẹ́ nìyẹn.

“Ìyàwó, o wà nílé?”

“Màmá, kí lẹ kì bọ abẹ́ ìró?”

Wọ́n yọ ọ́ jáde díẹ̀díẹ̀. “Má bá ọmọ yẹn wí. Èmi ni mo mú un ní dúrọ́ọ̀, èmi ni mo yọ báàtìrì. Ó kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́, mo sì ní kó má sọ fún ọ. Mo ní bí o bá gbọ́, wàá gbà á, bí o ṣe gba àpótí mi.”

“Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ wá ń fi ṣe?”

Ohùn Rẹ́mọ tiwọn ni wọ́n fi dá mi lóhùn. Mo ń kọ ọ́ bí gbogbo wa yóò ṣe lè kà á: “Ọwọ́ mi ń sùn nínú ilé yìí, ìyàwó. Tí ọwọ́ mi bá ti sùn, etí mi náà á bá a sùn. Mò ń fi èyí ṣa obì ni.”

Tíṣà ni mí, n kò lè ṣe kí n má dán wọn wò. Mo ní, “Ibo ni ìtàn dé?” Wọ́n sọ ọ́ láti ọjọ́ Ajé títí di ìṣẹ́jú tí mo wọlé, orúkọ lórí orúkọ. Ìgbà náà ni mo rántí pé láti bí ọ̀sẹ̀ mélòó kan ni wọ́n ti tún ń sọ ìtàn fún wa nídìí oúnjẹ. Mo wà níbẹ̀. Ọwọ́ kọ́pà ni mò ń ṣọ́, n kò gbọ́ ẹyọ kan. Nínú ilé wa, kì í ṣe ẹni tó ń tẹ géèmù ni etí rẹ̀ di.

Mo lọ bá kọ́pà nínú yàrá rẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́, mo ní kó má kó lọ mọ́. Ó ní, “Ẹ̀rù yín ló ń ba Màmá, mà, ìyẹn ni mi ò ṣe sọ.” Kò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Ó tún rẹ́rìn-ín: “Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni o, mà. Màmá ti gbà á mọ́ mi lọ́wọ́. Ibi tí wọ́n tẹ̀ ẹ́ dé, mi ò tíì dé bẹ̀.”

Bàbá ọmọ náà dé lọ́jọ́ tó yẹ. Mo fi géèmù lé e lọ́wọ́, mo sì sọ fún un láìfi bò pé wọ́n ti lò ó nílé mi. Ó ní, “Háà, Tíṣà! Ẹ̀yin náà ń tẹ bíríkì?” Mo ní, “Ìyá mi ni.” Lọ́jọ́ Sátidé, mo wọ mọ́tò lọ sí Sábó, mo ra obì tí wọn kò tíì bó, èyí tí kò ní pọ̀ jù fún ẹ̀yìn tó ń dùn wọ́n. Mo gbé e síwájú Màmá pẹ̀lú ike omi. Wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n wò mí títí. Wọ́n ní, “Sún rédíò yẹn mọ́ mi.”

Mo ti fẹ̀yìn tì báyìí. Ọmọ mi ra àga onítìmùtìmù fún mi lọ́dún tó kọjá, ó ní iṣẹ́ tán, ìsinmi ló kù. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ tọkàntọkàn. Lẹ́yìn náà ni mo ní kó jókòó, kó bi mí léèrè bí mo ṣe fẹ́ sinmi.