Ìlú Tí Wọ́n Ti Ń Gba Ìbànújẹ́ Pamọ́

Títí ọkọ mi fi kú, n kò kọ ìtàn ohun tí kò lè ṣẹlẹ̀ rí. Iṣẹ́ mi ni láti máa kọ eré fún ilé iṣẹ́ rédíò kan ní Ring Road: orogún tó ń bára wọn jà, lándílọ́ọ̀dù tó ń yọ ayálégbé lẹ́nu, ọmọ tó lọ sókè òkun tí kò rántí ilé mọ́. Àwọn olùgbọ́ fẹ́ràn rẹ̀ nítorí wọ́n mọ irú àwọn ènìyàn inú rẹ̀. Èmi náà a sì máa sọ pé wàhálà ayé yìí ti pọ̀ tó fún òǹkọ̀wé. Kí ni ènìyàn tún ń wá lọ sínú òṣùpá?

Ọkọ mi ló fẹ́ràn òṣùpá. Fíríìjì àti ẹ̀rọ amúlétutù ló ń tún ṣe, ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní Challenge. Bí iṣẹ́ kò bá sí, á jókòó sórí ẹ̀rọ kan tó ti bàjẹ́, á máa ka ìtàn àwọn ẹ̀dá òfurufú lórí fóònù. Bí ó bá délé, á fẹ́ sọ ọ́ fún mi.

"Àwọn ènìyàn yìí ò mọ ohun tó ń jẹ́ ọ̀sán," á wí. "Inú òkùnkùn ni wọ́n bí wọn sí. Etí ni wọ́n fi ń ríran."

Èmi á ní kó wá jẹun kí ọbẹ̀ má baà tutù.

Ọ̀sán ọjọ́ kan tí oòrùn mú gan-an ló ṣubú ní ṣọ́ọ̀bù. Àwọn tí ṣọ́ọ̀bù wọn sún mọ́ tirẹ̀ gbé e lọ sí ọsibítù ní Jẹ́ríkò. Mo bá a láàyè, ó sì mọ̀ mí. Ó ní kí n bá òun pa fáànù ṣọ́ọ̀bù, pé òun kò rò pé ẹnikẹ́ni rántí. Kí ọ̀sẹ̀ yẹn tó parí, ó ti kú. Dókítà ní iṣan ẹ̀jẹ̀ kan ló já nínú ọpọlọ. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà. Mo rántí rẹ̀ dáadáa pé mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí mo sì béèrè ibi tí wọ́n ti ń ta omi.

N kò sunkún. Kì í ṣe pé mo ń mú ọkàn le. Ẹ mọ bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ṣe ń rí bí oníṣègùn eyín bá ti gún un lábẹ́rẹ́: ẹ mọ̀ pé ó wà níbẹ̀, ẹ lè fọwọ́ kàn án, ṣùgbọ́n àfi bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni. Bí gbogbo ara mi ṣe rí nìyẹn. Mo ń jẹun, mo ń sùn. Mo fọ àwọn aṣọ rẹ̀ tó wà nínú agbọ̀n, mo sá wọn, mo ká wọn, n kò sì ní ìdí kankan tí mo fi ń ṣe é.

Ìyá ọkọ mi wá láti Akobo, wọ́n ní àwọn kò ní jẹ́ kí n dá gbé inú ilé ní Bódìjà. Ọmọ ìjọ Aládùúrà ni wọ́n, wọ́n sì ń gbàdúrà ní kùtùkùtù nínú aṣọ funfun, láìwọ bàtà, lórí ilẹ̀ pálọ̀. Ọkọ mi nìkan ni ọmọkùnrin tí wọ́n bí. Àwa méjèèjì kò sì tíì bímọ. Òbí kì í sin ọmọ, nítorí náà wọn kò bá wa dé ibi isà. Ilé ni wọ́n dúró sí, wọ́n ń ké títí ohùn wọn fi wọ̀.

Àwọn ènìyàn ń wá kí wa. "Ẹ kú ará fẹ́ra kù." "Ọlọ́run á tù yín nínú." Mo ń ṣe àmín, mo ń gbé omi fún wọn. Mo gbọ́ tí obìnrin kan ń sọ fún èkejì lẹ́nu ọ̀nà kíṣíìnì pé, "Ṣé o rí ojú ẹ̀? Kò tiẹ̀ pọ́n." Ìyá ọkọ mi náà gbọ́. Wọ́n gba tíréè lọ́wọ́ mi, wọ́n ní kí n lọ jókòó. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń rí i pé wọ́n ń wò mí.

Nígbà tí mo padà síbi iṣẹ́, ọ̀gá mi bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ mí pé eré tó wà nílẹ̀ ti dé ibi tí ọkọ obìnrin kan ti kú, pé bí n kò bá lè kọ ọ́, kí n sọ. Mo ní mo lè kọ ọ́. Mo jókòó, mo kọ ọ́ pé: "Yéè! Ikú, o ṣe mí! Ta lo fi mí sílẹ̀ fún?" Ó ti pẹ́ tí mo ti ń kọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ sí àwọn obìnrin lẹ́nu. Kì í ṣe irọ́. Mo ti gbọ́ ọ lẹ́nu ìyá ọkọ mi, ó sì jẹ́ òtítọ́ lẹ́nu tiwọn. Ṣùgbọ́n nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí mo mọ̀, n kò rí èyí tó jọ ohun tó ń ṣe èmi. Bí mo bá kọ ọ́ pé, "Obìnrin kan wà, ọkọ rẹ̀ kú, kò sì mọ nǹkan kan lára," olùgbọ́ á ní obìnrin burúkú ni, á máa retí ìgbà tí àṣírí á tú pé òun ló pa á. Mo pa ohun tí mo kọ rẹ́. Mo gba ìsinmi.

Ìgbà yẹn ni bàbá kan pè mí lórí fóònù. Olùkọ́ fisíìsì tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n. Àwọn òǹkọ̀wé díẹ̀ máa ń pàdé ní Agbowó lọ́sàn-án Sátidé, lókè ilé kan tí wọ́n ti ń ṣe fọ́tókọ́pì fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́, bàbá yìí ló sì dàgbà jù nínú wọn. Ọkọ mi a máa lọ síbẹ̀ láti gbọ́ ìtàn.

"Ọmọ mi," ni wọ́n wí, "àga ọkọ rẹ ṣófo. Wá jókòó sí i. O ò ní láti sọ̀rọ̀."

Mo lọ, nítorí pé kíkọ̀ ì bá gba àlàyé jù lílọ lọ.

Bàbá ló ka ìtàn lọ́jọ́ náà. Ọkọ̀ kan gbéra láti ilé ayé, ó ń lọ sí ìràwọ̀ kan. Àwọn tó wọ̀ ọ́ kò ní débẹ̀. Ọmọ ọmọ wọn ni yóò dé. Bàbá arúgbó kan dúró nílé, ó ń fi ohùn ránṣẹ́ sí àwọn ọmọ rẹ̀ nínú ọkọ̀ náà. Ohùn náà ń pẹ́ sí i kó tó dé, nítorí ọ̀nà ń jìn sí i. Bàbá arúgbó náà kú. Ohùn rẹ̀ ṣì ń lọ lójú ọ̀nà, ó ń kí wọn pé ẹ káàárọ̀.

Nígbà tí a sọ̀kalẹ̀, a jọ dúró lẹ́bàá títì, à ń retí kẹ̀kẹ́. Mo ní, "Bàbá, fisíìsì lẹ fi ọjọ́ ayé yín kọ́ àwọn ọmọ. Ẹ mọ̀ pé kò sí irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀. Kí ló dé tí ẹ ń kọ ọ́?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Gbogbo ọmọ mi ló wà ní Kánádà. Bí mo bá kọ ọ́ pé bàbá kan ní Agbowó ń ṣàárò ọmọ, ta ni yóò kà á? Gbogbo àdúgbò ló ń ṣàárò ọmọ. Wọ́n á ní kí n lọ dúpẹ́ pé àwọn tèmi rí físà gbà. Ṣùgbọ́n bí mo bá gbé àwọn ọmọ náà sínú ọkọ̀ ìràwọ̀, ẹni tó ń kà á á mọ bí ibẹ̀ ṣe jìn tó lára mi."

"Ṣé gbogbo yín lẹ rí bẹ́ẹ̀?"

"Rárá o! Àwọn mìíràn ń gbádùn ẹ̀ ni. Ó dùn mọ́ wọn kí wọ́n dá ayé kan sílẹ̀, kí wọ́n ṣòfin ibẹ̀, kí gbogbo ènìyàn sì pa á mọ́. Ta ló ń gbọ́ràn sí wa lẹ́nu níbí?"

Kẹ̀kẹ́ dé, wọ́n ní kí n kọ́kọ́ wọ̀ ọ́.

Lọ́jọ́ kejì mo jókòó sídìí tábìlì oúnjẹ, mo bẹ̀rẹ̀ sí í kọ. Ìlú kan wà tí ìjọba ti kọ́ ilé yìnyín ńlá sí ẹ̀yìn odi. Bí ènìyàn bá kú, òṣìṣẹ́ á gbé àpótí wá, á gba ìbànújẹ́ lọ́wọ́ àwọn ará ilé, á sì gbé e lọ sínú yìnyín kó má baà bàjẹ́. Á wá so okùn pupa mọ́ ọrùn ọwọ́ ẹni tó ni ín. Obìnrin kan jí láàárọ̀, ó bá okùn lọ́rùn ọwọ́ ara rẹ̀, kò sì rántí ìgbà tí wọ́n wá. Ó dìde, ó ń wá ilé yìnyín lọ.

Inú mi kò dùn bí mo ṣe ń kọ ọ́, bẹ́ẹ̀ ni kò bàjẹ́. Ṣùgbọ́n ọwọ́ mi kò dúró. Gbogbo ohun tí mo bá kọ ni mo ń yẹ̀ wò tí mo sì ń rí i pé bó ṣe rí nìyẹn.

Ìyá ọkọ mi jáde láti yàrá. "Kí lò ń kọ láti àárọ̀, ìyàwó mi?"

"Ìtàn ni, mà."

"Kà á fún mi."

Iná ti lọ. Wọ́n jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, wọ́n ń fi páálí fẹ́ ara wọn, mo sì kà á dé ibi tí mo dé. Wọ́n dá páálí dúró.

"Ta ló fi ìran yìí hàn ọ́?"

"Kì í ṣe ìran, Màmá. Mo kàn rò ó ni."

"Níbo ni ohun tí èèyàn ń rò ti ń wá?"

Nínú ìjọ tiwọn, bí ẹnìkan bá dìde pé òun rí àkàbà tàbí òun rí omi, kò sẹ́ni tó ń béèrè ilé tí àkàbà náà wà. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni wọ́n ń béèrè.

"Àwọn òṣìṣẹ́ yẹn," ni wọ́n wí, "bí wọ́n bá wá sọ́dọ̀ mi, n ò ní fún wọn." Ohùn wọn lọ sílẹ̀. "N ò ní fún wọn o. Ohun tó kù fún mi lára ọmọ mi nìyẹn. Kí n wá gbé e fún ìjọba kí wọ́n lọ kó o sínú yìnyín?" Wọ́n bú sẹ́kún.

Mo lọ kúnlẹ̀ tì wọ́n, mo di ọwọ́ wọn mú. Ọwọ́ náà gbóná. Mo mọ̀ pé ó gbóná. Ibẹ̀ ló mọ.

Nígbà tó yá, wọ́n wo ọrùn ọwọ́ mi bí ẹni pé nǹkan wà níbẹ̀. "Wọ́n ti gba tìrẹ, àbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, mà."

"Mo ti ń wò ọ́ láti ọjọ́ yìí. Mo rò pé o ò fẹ́ràn ọmọ mi ni."

"Mo fẹ́ràn ẹ̀, Màmá."

"Mo ti mọ̀ báyìí. Dìde nílẹ̀, orúnkún á dùn ọ́."

Nínú gbogbo ohun tí mo ti bá ìyá yẹn sọ láti ìgbà tí mo ti wọlé ọkọ, n kò rò pé èyíkéyìí yé wọn tó èyí. Bẹ́ẹ̀ okùn pupa kò sí níbì kankan láyé.

Mo fi ìyá arúgbó kan sínú ìtàn náà, ó ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn òṣìṣẹ́, ó jókòó lé ìbànújẹ́ rẹ̀ bí adìyẹ ṣe ń sàba. Obìnrin olókùn pupa sùn nílé ìyá náà. N kò jẹ́ kó dé ilé yìnyín, nítorí pé èmi náà kò tíì débẹ̀. Mo kà á ní Agbowó. Ọ̀dọ́bìnrin kan ní ó yẹ kí obìnrin náà rí ìbànújẹ́ rẹ̀ gbà padà. Bàbá ní kí wọ́n fi obìnrin náà sílẹ̀ kó sinmi. Ọ̀gá mi ní rédíò kà á, ó ní àwọn olùgbọ́ kò ní mọ ibi tí wọ́n wà, mo sì padà sídìí àwọn orogún.

Ìyá ọkọ mi padà sí Akobo nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀. Wọ́n máa ń pè. Wọ́n sọ fún mi pé àwọn sọ ìtàn náà níbi ìpàdé àwọn ìyá ìjọ, pé gbogbo wọn sì kúnlẹ̀ gbàdúrà fún obìnrin yẹn.

"Màmá, obìnrin yẹn ò sí o."

"Àdúrà ti gòkè, ìyàwó mi."

Òwúrọ̀ ni mo fi ń ṣe iṣẹ́ rédíò báyìí. Lọ́sàn-án mo máa ń kọ nípa àwọn kan tí wọ́n ń gbé ìsàlẹ̀ odò tó ti gbẹ, tí wọ́n ṣì ń wẹ̀ bí ẹni pé omi wà níbẹ̀. N kò tíì mọ ohun tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Mo ń jókòó tì wọ́n.