Kóòṣì Ará Sẹ́bíà àti Orúkọ Bọ̀ọ̀dá Múfú

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, ọ̀rọ̀ kan ti pẹ́ nínú mi, mo sì fẹ́ tú u síta lónìí. Ohun tí ojú mi rí nínú ikọ̀ bọ́ọ̀lù kan ní Ìgandò ni. Ẹ má bínú bí ọ̀rọ̀ mi bá korò. Inú ṣì ń bí mi ni.

Iṣẹ́ fóònù títúnṣe ni mò ń ṣe ní Ìkọ̀tún. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, mo di difẹ́ńdà. Ikọ̀ wa kì í ṣe ikọ̀ ńlá o! Pápá wa kò ní koríko, iyanrìn lásán ni, bí òjò bá sì rọ̀, ẹja ló kù kó máa lúwẹ̀ẹ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n lọ́dún tí mò ń sọ yìí, a ń borí, a ń borí, títí tí ọ̀nà líìgì fi bẹ̀rẹ̀ sí í là fún wa. Ẹni tí ọjọ́ orí rẹ̀ ti ń lọ bíi tèmi mọ ohun tí ìyẹn jẹ́. Bí mi ò bá wọ líìgì lọ́dún náà, ó tán nìyẹn, ó di kí n máa wo bọ́ọ̀lù nínú tẹlifíṣọ̀n bíi ti gbogbo èèyàn.

Àfi bí alága wa, ọkùnrin kan tó ń ta búlọ́ọ̀kù ní Òkè-Odò, ṣe mú òyìnbó kan dé! Ó ní kóòṣì tuntun nìyẹn, ará Sẹ́bíà, Dárágàn lorúkọ rẹ̀. Ó ní difẹ́ńdà ni tẹ́lẹ̀, ó ti gbá bọ́ọ̀lù ní Gíríìsì, ní Sáípírọ́ọ̀sì, ní Kàsàkísítáànì, ní Kùwéètì, ní Indonéṣíà, kó tó di kóòṣì, tó sì tún ń ti ìlú kan bọ́ sí òmíràn. Bó ṣe ń ka orúkọ ìlú wọ̀nyẹn, ẹ ó rò pé oríkì bàbá rẹ̀ ló ń kì.

Mo pòṣé. Ṣé ohun ìwúrí nìyẹn? Ayálégbé tó ń kó kúrò nílé lọ́dọọdún, ṣé gbogbo onílé ló burú ni? Tó bá sì dára tó bẹ́ẹ̀, kí ló ń wá ní Ìgandò? Orí rẹ̀ ti pá, ikùn ti yọ, bó bá sì fẹ́ bẹ̀rẹ̀, àwa tá a wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ máa ń gbọ́ bí orúnkún rẹ̀ ṣe ń dún. Wọ́n gba yàrá kan fún un ní Akowonjo, ibẹ̀ ló ti ń wọ kẹ̀kẹ́ wá sí pápá pẹ̀lú sálúbàtà lẹ́sẹ̀. Òyìnbó tí kò ríṣẹ́ ṣe nílùú wọn, òun ni wọ́n kó wá bá wa.

Ọjọ́ kìíní tó dé, àwa tá a wà lẹ́yìn nìkan ló pè jọ: èmi, kípà wa, àwọn méjì tó ń gbá ẹ̀gbẹ́, àti balógun ikọ̀, Bọ̀ọ̀dá Múfú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ irú ẹni tí Bọ̀ọ̀dá Múfú jẹ́. Ó wà lára àwọn tó dá ikọ̀ náà sílẹ̀. Ó ti sún mọ́ ogójì ọdún. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti parí tipẹ́, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ ọ́? Tó bá ti wọ pápá, gbogbo wa á máa bẹ̀rẹ̀, á máa wárí, òun náà á sì máa yan bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi jẹ baálẹ̀. Ẹ ó ṣàkíyèsí pé mi ò fi ọ̀wọ̀ sọ̀rọ̀ rẹ̀ níbí. Mo mọ̀ọ́mọ̀ ni jàre.

Kóòṣì ní kí á jókòó sílẹ̀. Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀ kò fi bẹ́ẹ̀ dán ju tèmi lọ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ rẹ̀ yé wa. Ó ní òun ò yára rí, láti kékeré. Ó ní, "Ẹnu ni mo fi gbá bọ́ọ̀lù káàkiri ayé." Ó ṣàlàyé pé ní gbogbo ìlú tí òun dé, kì í ṣe ìkíni lòun kọ́kọ́ ń kọ́ nínú èdè wọn, kì í ṣe orúkọ oúnjẹ. Bí wọ́n ṣe ń sọ fún èèyàn pé ẹnì kan wà lẹ́yìn rẹ̀ lòun ń kọ́. Ó ní difẹ́ńdà tí kò lè sọ ìyẹn kíákíá, kó lọ máa tajà.

Ó wá bi wá léèrè pé báwo la ṣe ń sọ ọ́ níbí. Kípà wa bi í padà pé, ta la fẹ́ sọ ọ́ fún? Kóòṣì ò lóye. Kípà wá ṣàlàyé pé tó bá jẹ́ èmi ni, òun kàn máa jágbe mọ́ mi. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ balógun wa, òun á ní, "Bọ̀ọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá wa wo ẹ̀yìn yín."

Òyìnbó wò wá títí. Ó ní kí á tó dé ibi ẹ jọ̀ọ́ yẹn, bọ́ọ̀lù á ti wà nínú àwọ̀n, ẹni tó gbá a wọlé á sì ti lọ jó tán. A rẹ́rìn-ín. Bọ̀ọ̀dá Múfú ò rẹ́rìn-ín.

Láti ọjọ́ náà, kóòṣì ṣòfin pé kò sí ẹ̀gbọ́n lórí pápá, kò sí sà. Orúkọ lásán ni kí oníkálukú máa pe ẹnì kejì rẹ̀, tí a bá ti jáde, kí á dọ̀bálẹ̀ bó bá ṣe wù wá. Ṣé ẹ rò pé ó rọrùn? Àwọn géńdé tó lè gbé àpò sìmẹ́ǹtì, ohùn wọn á di ti adìyẹ tó ń ṣàìsàn tó bá kan orúkọ Múfú! Èmi náà ń ráhùn sínú, ṣùgbọ́n mo gbìyànjú ẹ̀, mo sì rí i pé ẹ̀yìn wa bẹ̀rẹ̀ sí í le. Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́. Òyìnbó tí mo fojú di yìí ti rí nǹkan.

Ọ̀gbẹ́ni balógun kò wá sí ìgbáradì mọ́. Ó ní ẹsẹ̀ ń dun òun. Kóòṣì fẹ́ fi ẹlòmíràn rọ́pò rẹ̀, alága kọ̀ jálẹ̀. Ó bèèrè pé ta ló gbọ́dọ̀ yọ Múfú nínú ikọ̀ tí Múfú dá sílẹ̀? Bẹ́ẹ̀ la ṣe dé ọjọ́ ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó kẹ́yìn, èyí tó jẹ́ pé tí a bá ti ta ọ̀mì, a ti wọ líìgì.

Ẹsẹ̀ tó ń dun bọ̀ọ̀dá ti san. Ó dé pẹ̀lú bàtà tuntun, báǹdì balógun wà lápá rẹ̀. Èmi àti ẹ̀ ni wọ́n jọ fi sáàárín, ìyẹn ni pé èmi ni mo ń sáré ẹni méjì. Mo ń bo ibí, mo ń bo ọ̀hún. Ó ti fẹ́ parí, kò sẹ́ni tó tíì gbá góòlù wọlé. Mo ti ń rí ara mi nínú líìgì.

Ni ikọ̀ kejì bá gbá bọ́ọ̀lù gígùn kan láti iwájú àwọ̀n wọn. Mo rí ọmọ tó ń gbá iwájú fún wọn, ó ń yọ́ kẹ́lẹ́ gba ẹ̀yìn balógun wa lọ. Mo jìnnà, mi ò lè dé ibẹ̀. Mo wá ṣe ohun tí kóòṣì kọ́ wa. Mo fi gbogbo ọ̀fun mi pariwo.

"Múfú! Ẹ̀yìn ẹ!"

Ó gbọ́. Gbogbo pápá ló gbọ́. Ẹ̀yin èèyàn, ṣé ẹ mọ ohun tí ọkùnrin yìí ṣe? Kò wo ẹ̀yìn o. Èmi ló yíjú sí! Ó dúró gbọn-in, ó na ìka sí mi, ó ní, "Èmi lò ń pè ní Múfú?"

Bọ́ọ̀lù gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Ọmọ yẹn bá a, ó rọra tì í wọlé. Kò pẹ́ sígbà náà tí réfìrí fi fọn fèrè pé ó parí. Mo jókòó sórí iyanrìn, mo sunkún, mi ò ní purọ́ fún yín.

Ẹ wá gbọ́ ohun tó burú jù. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀ góòlù! Àwọn àgbààgbà ikọ̀ yí mi ká, wọ́n ń bi mí pé ọmọ ta ni mí, ẹnu mi ni mo fi pe ẹni tó jù mí lọ báyẹn? Ẹnìkan ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Bọ̀ọ̀dá Múfú jókòó sórí àga, wọ́n ń fẹ́ ẹ ní abẹ̀bẹ̀ bí ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀. Wọ́n ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Tiwa wà lọ́jà, ojú rẹ̀ ni orí ọmọ ṣe wọ́, ìkíni ló ń bèèrè!

Kóòṣì fà mí sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó ní kí ni wọ́n ń wí. Mo sọ fún un. Ó bi mí pé, "Ṣé ó gbọ́ ẹ?"

Mo ní ó gbọ́.

"Kí bọ́ọ̀lù tó dé?"

Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó mi orí.

Wọ́n ṣèpàdé ní pálọ̀ alága ní Ẹ̀gbẹ́dá. Wọ́n ní òyìnbó ń ba àwọn ọmọ wa jẹ́, kó máa lọ. Èmi, wọ́n ní kí n wá dọ̀bálẹ̀. Mo fẹ́ kọ̀, ṣùgbọ́n màmá mi, tíṣà ni wọ́n, ará Èkìtì, fi omijé bẹ̀ mí. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Bọ̀ọ̀dá Múfú gbé ọwọ́ lé mi lẹ́yìn, ó gbàdúrà pé àwọn àbúrò mi náà á bọ̀wọ̀ fún mi. Gbogbo ilé ṣe àmín. Èmi ò ṣe. Ìdọ̀bálẹ̀ kì í ṣe ìwà.

Ní ọjọ́ kejì, mo bá kóòṣì gbé báàgì rẹ̀ lọ sí gáréèjì. Ẹnìkan ti pè é níbòmíràn. Kò bínú, ìyẹn ló ń dùn mí jù. Ó ní, "Gbogbo ìlú tí wọ́n ti lé mi, torí pé a fìdí rẹmi ni. Ibí yìí nìkan ni wọ́n ti lé mi torí pé ọmọ kan pariwo." Ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó wọ ọkọ̀.

Ṣé ẹ fẹ́ mọ ẹni tó di kóòṣì lẹ́yìn rẹ̀? Bọ̀ọ̀dá Múfú ni! Wọn ò tíì wọ líìgì títí di bí mo ṣe ń kọ èyí, mo sì gbọ́ pé wọ́n tún ń lọ sílẹ̀ sí i. Ṣùgbọ́n ẹ wá wo ìkíni! Kò sí ikọ̀ tó mọ̀ ọ́n kí ní gbogbo Alimosho bíi tiwọn. Èmi ò gbá bọ́ọ̀lù mọ́. Mo ń tún fóònù ṣe.

Ẹ̀kọ́ tí mo rí kọ́ kò gùn. Ọ̀wọ̀ dára, wọ́n fi tọ́ mi dàgbà, màá sì fi tọ́ ọmọ mi. Ṣùgbọ́n àgbà tí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ kìlọ̀ fún, ẹ jìnnà sí i, nítorí ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ni yóò kó bá.

Ẹ̀yin ńkọ́? Níbi iṣẹ́ yín, nínú ìjọ, ní mọ́ṣáláṣí, nílé ọkọ, ta ni Bọ̀ọ̀dá Múfú tiyín? Kí ló bàjẹ́ nítorí pé ẹ ò lè la ẹnu, tàbí nítorí pé ẹ là á? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ fún mi. Tí ẹ bá sì rí ohun tí mo ṣe tí kò dáa nínú ọ̀rọ̀ yìí, ẹ má wulẹ̀ fi "ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́" bẹ̀rẹ̀. Ṣẹ́gun lorúkọ mi, ẹ pariwo rẹ̀, màá wẹ̀yìn.