Mo Ní Kí Màmá Mi Má Kúnlẹ̀ Mọ́

Mo mọ ìró tí egungun ìbàdí máa ń ṣe bó bá dá. Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ló ti Èkó dé fún ìsìnkú. Mo fẹ́ kúnlẹ̀ kí wọn, omi wà lórí táìsì, ẹsẹ̀ mi yọ̀. Ó dún bí igi gbígbẹ. Irin ni dókítà fi dè é. Mo yè é, ṣùgbọ́n títí di òní, bí mo bá rí ilẹ̀ tó ń dán, àyà mi a já. Mi ò kúnlẹ̀ fún ẹnikẹ́ni mọ́. Ẹni tó bá wù kó pè mí ní aláìlẹ́kọ̀ọ́.

Nígbà tí ojú màmá mi ń ṣe bàìbàì, tí ìbàdí mi kò sì jẹ́ kí n lè gbé wọn, mo mú wọn lọ sí ilé àwọn arúgbó tí ṣọ́ọ̀ṣì ń bójú tó l'Ómù-Àrán. Ẹni tó ní mo ju ìyá mi nù, kó wá máa gbé wọn. Ilẹ̀ ni mo kọ́kọ́ yẹ̀ wò níbẹ̀. Mo ní kí wọ́n kan irin ìdìmú mọ́ ògiri ilé ìwẹ̀. Mo ká ẹní kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Mo ra bàtà tí kì í yọ̀. Mo rò pé ó ti parí.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan ni mo rí ohun tí mo gbàgbé. Màmá Òkè-Onígbìn, tó dàgbà jù nínú ilé náà, ń bọ̀ wá jẹun. Màmá mi, ẹni ọgọ́rin ọdún, fi ọ̀pá wọn sílẹ̀, wọ́n di etí tábìlì mú, wọ́n ń fi orúnkún wá ilẹ̀. Tábìlì ń mì. Nọ́ọ̀sì ń rẹ́rìn-ín.

"Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣe é. Ẹ̀kọ́ ilé dára o!"

"Tí egungun bá dá, ṣé ẹ̀kọ́ ilé ni yóò tò ó?"

Mo di màmá mi mú léjìká, mo dá wọn padà sórí àga.

"Ṣé èmi lo dì mú báyìí?"

"Ẹ̀yin ni, Màmá. Ẹ ò ní í kúnlẹ̀ mọ́."

"Ẹ̀gbọ́n mi nìyẹn! Kí n máa wò wọ́n bí ewúrẹ́?"

"Ewúrẹ́ tó ń rìn sàn ju èèyàn tí kò lè dìde."

Mo wá kọjú sí Màmá Òkè-Onígbìn. Ẹ̀rù bà mí, torí ẹnu wọn mú. Síbẹ̀ mo dúró, mi ò bẹ̀rẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, Màmá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbà wọ́n lọ́wọ́ ara wọn."

Wọ́n wò mí látòkè délẹ̀. "Ìwọ tó o dúró bí òpó iná yìí, ó pẹ́ tí mo ti ń bẹ ìyá ẹ pé kó yé kúnlẹ̀. Ó ní bàbá òun ò tọ́ òun bẹ́ẹ̀." Wọ́n yíjú sí màmá mi. "Àbúrò, gbọ́. Ọjọ́ tó o bá tún kúnlẹ̀ fún mi, èmi náà á kúnlẹ̀ fún ọ, lójú gbogbo ayé."

"Èèwọ̀!" Màmá mi fọwọ́ bo ẹnu. "Kí àgbà kúnlẹ̀ fún ọmọdé?"

"Ṣáà kúnlẹ̀, ká wò ó." Ọwọ́ Màmá Òkè-Onígbìn ti wà létí tábìlì.

Màmá mi fa ẹsẹ̀ wọn padà sábẹ́ àga. Wọ́n tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì sórí itan, wọ́n tẹrí ba. "Mo kúnlẹ̀ o, ẹ̀gbọ́n mi," ni wọ́n wí, lórí àga níbẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìsinmi, pásítọ̀ máa ń wá, á sì ní kí gbogbo àwọn arúgbó kúnlẹ̀ gbàdúrà. Ẹ̀rù pásítọ̀ ń bà mí. Ṣùgbọ́n ẹnu ọ̀nà ni yóò ti bá mi, kó tó ní kí màmá mi kúnlẹ̀.