Ìtumọ̀ Tí Mo Fi Ṣadé Ṣe

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ àbúrò mi jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó ń ka ìwé rẹ̀ sókè. Bó ti pe "dẹfíníẹ́ǹsì", ojú tì mí bí ẹni tí wọ́n ká olè jíjà mọ́ lọ́wọ́. Ó bi mí pé kí ni. Mo ní ọ̀rọ̀ Látìn ni. Tí a bá ń sọ ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan, apá tó ń ṣàlàyé rẹ̀ là ń pè bẹ́ẹ̀. N kò sọ ibi tí mo ti kọ́ ọ.

Ìlọrà ni, ní ìparí àwọn ọdún 1980. Akọ̀wé káńsù ni bàbá mi. Ṣadé, ọ̀rẹ́ mi tí a jọ ń jókòó ní kíláàsì, ń fẹsẹ̀ rìn wá láti abúlé tí ìyá rẹ̀ nìkan ti ń dáko ẹ̀gẹ́. Àlẹ̀mọ́ pọ̀ lára aṣọ ilé-ìwé rẹ̀ débi pé a kì í mọ èyí tó jẹ́ aṣọ gan-an.

Ibà dá mi dùbúlẹ̀ lọ́sẹ̀ kan. Ojoojúmọ́ ni Ṣadé ń yà nílé wa, tó ń da iṣẹ́ ọjọ́ náà kọ sínú ìwé mi. Ọwọ́ rẹ̀ ló kọ́kọ́ kọ "dẹfíníẹ́ǹsì" fún mi.

Lọ́jọ́ tí mo padà, tíṣà Gẹ̀ẹ́sì wa kọ ọ̀rọ̀ kan tó túmọ̀ sí aláìní sára pátákó, ó ní kí ẹnìkan sọ dẹfíníẹ́ǹsì rẹ̀. Mo nawọ́. Bóyá mo kàn fẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé mo ti dé ni.

"Ṣadé ni, sà."

Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Tíṣà pa ọ̀rọ̀ náà rẹ́.

"Ènìyàn kì í ṣe ìtumọ̀ ọ̀rọ̀," ó ní. "Jókòó."

Ṣadé kò wò mí. Ó fi ọwọ́ bo àlẹ̀mọ́ èjìká rẹ̀, bí ẹni pé ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i.

Mo ní ọ̀la ni n ó bẹ̀ ẹ́. Ọ̀la ń di ọ̀la títí táàmù fi parí, tí Ṣadé sì lọ kọ́ṣẹ́ aṣọ rírán ní Awẹ́. Wọ́n ní owó ilé-ìwé ni kò sí. Ó wù mí kí n gbà bẹ́ẹ̀.

Lọ́dún mélòó kan sẹ́yìn, a pàdé níbi ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì kan ní Fìdítì. Ara rẹ̀ dá ṣáṣá, àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ tẹ̀ lé e. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àforíjì, ó rọra dá mi dúró, ó ní ọmọdé ló ń ṣe wá nígbà náà.

"Àwọn ọmọ ńkọ́, mà?" ó ní. "Ẹ bá mi kí wọn."

Wọ́n ti wó kíláàsì wa àtijọ́, ilé ti kún gbogbo ojú ọ̀nà oko. Àwọn ọmọ tó ń kàwé ní ilé-ìwé náà báyìí ṣì ń fi ara wọn ṣẹ̀fẹ̀. Ọmọ ọdún kan náà ni èmi àti Ṣadé. "Ìwọ" ló máa ń pè mí tẹ́lẹ̀.