Kátíríìjì Tí Kò Lọ́ta

Bí mo bá gbóòórùn àbẹ́là tó ń yọ́, ọ̀sán kan lábúlé wa nítòsí Iléṣà ló máa ń wá sí mi lọ́kàn. Bàbá mi, ọdẹ, ń rọ ẹ̀tù sínú òfìfo kátíríìjì, èmi ń kán àbẹ́là dí ẹnu wọn. Ó ń jó mi níka, inú mi ń dùn.

"Bàbá, ẹ ò tíì fi ọta sí i."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹran tí mò ń lọ bá yìí ò fẹ́ ọta."

Ìyá mi di iyán fún un, kí ebi má baà pa á nígbó.

Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé ìbọn ayẹyẹ ni wọn kì í fi ọta sí, àti pé ìgbéyàwó rẹ̀ pẹ̀lú obìnrin kan l'Óṣogbo ni mo bá a dí àbẹ́là fún.

Àárọ̀ ọjọ́ kejì ló dé, lọ́wọ́ òfo.

"Ẹ pẹ̀lẹ́, bàbá Fọlá," ni ìyá mi wí, ó sì lọ gbé omi ìwẹ̀ rẹ̀ kaná.